Bí Rájí Nìkan Ṣe Daṣẹ́ Sílẹ̀ Tí Ilé Dígí Fi Di Ilé Alámọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọgbà ìwádìí ọ̀gbìn wa n'Ílọrin, mo máa ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń yin ẹni tó ya àwòrán ilé alámọ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà. Kì í ṣe òun ló jà fún un. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ni ìjà náà wáyé, èmi gan-an ni mo sì kọ́kọ́ dúró síbi tí kò tọ́.

Dígí ló yí ilé inú àwòrán tí ọ̀gá àgbà kọ́kọ́ gbé wá po. Fèrèsé rẹ̀ kò ní í ṣeé ṣí, AC ni yóò máa mú un tutù. Inú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó irúgbìn àwọn àgbẹ̀ sí, títí kan ọkà bàbà pupa kan tó jẹ́ pé ọwọ́ wa nìkan ló kù sí. Kí ló ń bí wa nínú? Pé AC kò dé yàrá àwa òṣìṣẹ́ kékeré! Ọwọ́ mi ni mo fi kọ lẹ́tà tí ẹgbẹ́ fẹ́ fi halẹ̀ mọ́ ọ̀gá pé a ó daṣẹ́ sílẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí tó wọ́ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ṣèpàdé lórí lẹ́tà náà, tèmi ni. Alhaja Sàráfátù tó ń tọ́jú irúgbìn dìde.

"Akọ̀wé, ìwọ ni ooru ń mú. Irúgbìn ńkọ́? Tí iná bá lọ?"

"A ní jẹnẹrétọ̀, Alhaja."

Ó yíjú sí Rájí tó ń tan jẹnẹrétọ̀ náà. "Ọjọ́ mélòó lo rí epo tàn án lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Méjì, Alhaja. Wàláì, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi rí i."

Ojú tì mí. Mo fa lẹ́tà náà ya, a sì kọ òmíràn láti fi béèrè fún ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn bíi ti àwọn agboolé àtijọ́ ní ìgboro, tí òrùlé rẹ̀ yọ síta, tí ooru ń gba òkè jáde. Ọ̀gá àgbà fi wá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò lè kó àlejò wọ ilé amọ̀ lóde òní.

Ó di ìyanṣẹ́lódì nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí gbogbo wa bá jókòó sílé, ta ni yóò bomi rin ọ̀gbìn? Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Rájí ló ní, "Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín. Èmi nìkan ni n ó daṣẹ́ sílẹ̀."

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò ọ̀gá àti ayàwòrán ilé wá láti fọwọ́ sí àwòrán ilé dígí náà, iná ò sí. Rájí ti kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ bọ àpò, ó jókòó sábẹ́ dóńgóyárò, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Kí àkókò ìrun àìlà ọ̀sán tó tó, òógùn ti bo àwọn àlejò nínú ọ́fíìsì onídígí ọ̀gá. Ọ̀gá sáré jáde.

"Rájí, tan iná!"

"Ẹ má bínú sà, mo ń ṣe ìyanṣẹ́lódì."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi náà tó ẹgbẹ́, sà."

Alhaja bá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ wá jókòó lọ́dọ̀ mi, ibẹ̀ tutù." Yàrá amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ ọgbà náà ló ń kó irúgbìn sí. Wọ́n wọlé, ara tù wọ́n. Ayàwòrán ilé fọwọ́ kan ògiri, ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ.

"Wọ́n ti kọ́ ọ kí wọ́n tó bí mi," ni Alhaja wí.

Ọkùnrin náà ká àwòrán rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n lọ tún un yà."

Áà, inú mi dùn! Mo gbé Rájí sókè, bó ṣe sanra tó yẹn.

Ilé alámọ̀ tó tún yà náà la kọ́, ó sì dúró lónìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, iná lọ fún ju ọ̀sẹ̀ kan, síbẹ̀ nígbà tí òjò dé, ọkà bàbà pupa hù lóko àwọn àgbẹ̀ tó wá gbà á. Àwa la ṣẹ́gun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n ilé tí kò nílò jẹnẹrétọ̀ kò nílò ẹni tó ń tàn án. Wọ́n ní kí Rájí máa lọ, ẹgbẹ́ ò sì tíì rí i dá padà. Ọrùn yín ni ìjà yẹn kù sí.

Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nítòsí Post Office. Mo ní, "Rájí, dárí jì wá. A ò rò ó débẹ̀ nígbà náà."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ ò rò ó, Akọ̀wé. Èmi ti rò ó tán kí n tó yọ kọ́kọ́rọ́."