Ọjọ́ tí Wọ́n Ní Bọ́ọ̀lù Pa Ọmọ Mi

Bọ́ọ̀lù onígi là ń pè é ní Ìgàndò nígbà náà. Ìyá rẹ, ìwọ ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí, ló kọ́ mi láti pè é ní kírikẹ́ẹ̀tì. Ilé ìwé girama ló wà, tíṣà wọn sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré náà. Tíṣà yẹn sọ fún mi pé àwọn òyìnbó tó ń ṣèjọba ló gbé e wá sí Èkó. Àwọn akọ̀wé wa wò wọ́n títí, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì wá ń fi na àwọn òyìnbó fúnra wọn, kí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tó bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Orí mi wú, jàre.

Bàbá àgbà rẹ ni kò fẹ́ ẹ. Káfíńtà ni, ó mọ ohun tó le. Ó fi bọ́ọ̀lù náà kan tábìlì, ó ní, "Òkúta tí wọ́n rán awọ bò rèé. Ọjọ́ tó bá ṣe ọmọ wa léṣe, ó parí nìyẹn."

Ìyẹn ni mo ṣe lọ fojú ara mi wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n ń bá ilé ìwé kan láti Ẹ̀gbẹ́dá gbá a. Mo dúró ra ọsàn fún un lọ́nà, mo sì pẹ́. Nígbà tí mo dé, mo béèrè ọmọ mi lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀.

"Ó ti kú, mà."

"Ta ló kú?"

"Òun ni, mà. Bọ́ọ̀lù ló pa á. Ṣùgbọ́n ó gbìyànjú ṣá kó tó kú."

Bisikíìtì lọmọ yẹn ń jẹ. Mo jókòó sórí iyanrìn, ọsàn ń yí lọ, ẹkún gbọ̀n mí.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe nílẹ̀?"

Òkú mi ló dúró níwájú mi, tó ti ń ṣa ọsàn. Àṣé igi mẹ́ta ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ẹni tó ń fi igi pẹlẹbẹ gbá bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá ti wó igi mẹ́ta yẹn, wọ́n á ní onítọ̀hún ti kú, ìyẹn ni pé kó jáde nínú eré. Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ ní, "Ẹ dúró. Ó ti kan àwọn láti gbá, àwa náà fẹ́ lọ pa wọ́n."

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá kan gbá bọ́ọ̀lù sókè réré. Ìyá rẹ sá tẹ̀ lé e, ojú ẹ̀ ń wòkè. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ gba ẹyin, ó sì fà á mọ́ àyà kó tó kanlẹ̀; ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá náà kú nìyẹn. Mi ò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n na àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá ẹ̀ ní, "Gbé ọwọ́ wá." Àtẹ́lẹwọ́ ti pọ́n, ó wú díẹ̀. Ó tẹ ìka ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

"Báwo lo ṣe mú un tí kò fi ṣẹ́ ọ níka?"

"Tí mo bá mú ọwọ́ le, á já bọ́, Bàámi. Ṣe ni mo máa ń jẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ lé e díẹ̀."

Bàbá ẹ̀ mi orí bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọmọṣẹ́ ẹ̀ bá mọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ sídìí pákó, ó ń fá a títí ó fi dán. Nígbà tó gbé igi ìgbábọ́ọ̀lù náà lé ìyá rẹ lọ́wọ́, ó ní, "Gbà. Má tètè kú."