Apá Òsì Méjì

Láti bí ogún ọdún tí obìnrin aránṣọ yìí ti wà nídìí ẹ̀rọ, Ọwọ́-ò-yẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ọwọ́ ẹ̀ kì í yẹ̀ lórí aṣọ. Ẹ wá wo ohun tó ṣe! Apá òsì méjì ló gé sí aṣọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, ó sì rán wọn mọ́ ọn, kò mọ̀ títí ẹ̀gbọ́n fi wọ̀ ọ́ wò.

"Mo gbé! Ta ló sọ fún ẹ pé ọwọ́ òsì méjì ni mo ní?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ti ẹ̀gbọ́n parí, ti àbúrò ò parí, àfi ìgbà tó di ẹkún. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àgékù aṣọ.

Ó ti tó ọdún kan tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti ń ṣe ségesège. Ooru á ṣàdédé gbà á láti àyà dé orí, òógùn á bò ó. Oorun ò wá mọ́. Àwọn ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́ wọn lọ́nà jíjìn. Ọkọ ńkọ́? Bàbá yẹn! Awakọ̀ akẹ́rù ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń wálé, ohun tó sì mọ̀ ọ́n sọ ò ju, "Ọjọ́ orí ni, gbogbo obìnrin ló ń ṣe."

Irọ́ ni! Ṣé gbogbo obìnrin ló bímọ tán tó kọjú sí ògiri fún oṣù mẹ́ta bíi tiẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi wá gbé ọmọ lọ? Ẹni tí ìsoríkọ́ ti bá fínra nígbà ìbímọ, ó lè tún bá a nígbà tí nǹkan oṣù bá ń lọ. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un.

"Ṣé ó tún ti dé ni?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ó kàn rẹ̀ mí ni" ti wà lẹ́nu àbúrò. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tó ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn tan gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n á gbé báàgì ẹ̀, á máa lọ, àbúrò sì mọ ohun tóun ti pinnu láti fi ara òun ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ara ẹ̀ ń bà á.

"Àǹtí, ẹ má lọ. Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ ò ní bá mi láyé mọ́."

Ẹ̀gbọ́n dì í mú gírígírí. "Dìde, ọsibítù yá."

"Mi ò lè dìde. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi."

Ẹ̀gbọ́n, ẹni ọgọ́ta ọdún, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Gun ẹ̀yìn mi, màá pọ̀n ọ́."