Ìlà Kan Lórí Wàláà

Ẹ̀wà ni ìyàwó mi ń ṣà ní ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn. Ó gbé atẹ lé itan. Ọmọ-ọmọ wa obìnrin, tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, jókòó tì í pẹ̀lú wàláà, èmi sì ń ka ìwé ìròyìn.

"Bàbá ọmọ, ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀, ẹ wá bá wa ṣa ẹ̀wà. Àbí ojú ọ̀mọ̀wé kì í rí òkúta ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò dìde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wàláà náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ kékeré, tí àwọn òbí mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tẹ̀dó sí Agége, ilé-kéú ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀wé. Wàláà ni pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ wa. Ààfáà á fi gègé àti tàdáwà kọ ìlà kan sí i, ọmọ á máa kà á títí yóò fi mọ̀ ọ́n lórí. Ìgbà náà ló tó lè fi omi fọ̀ ọ́, kí wọ́n kọ òmíràn fún un. Lọ́jọ́ kan tí eré ń pè mí, mo yọ́ tèmi fọ̀, mo ní mo ti mọ̀ ọ́n. Ààfáà ní kí n kà á. Wọn kò nà mí o. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Kò sí lórí pátákó mọ́, kò sì sí lórí ìwọ náà. Níbo ló wá wà?" Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé wàláà òfìfo lé itan, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kà létí mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kò lè mọ bí ojú ṣe tì mí tó.

Wàláà yẹn ni ìyàwó mi rí nínú àpótí mi, nígbà tí ọmọbìnrin wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Orégùn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa láràárọ̀. Ó ní pátákó tó kọ́ ọkọ òun yóò kọ́ ọmọ-ọmọ òun. Ó po èédú ṣe tàdáwà. Yóò to ẹ̀wà bíi lẹ́tà sínú atẹ, ọmọ á fi ìka tọ̀ ọ́, kí wọ́n tó wá kọ ọ́ sórí wàláà. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ó kọ odindi gbólóhùn àkọ́kọ́ fún un: *Màmá ń ṣa ẹ̀wà*. Màmá ni ọmọ náà ń pè é.

"Bó o bá ti mọ̀ ọ́n, a ó fọ̀ ọ́, a ó wá kọ ti Bàbá: *Bàbá kò ṣa ẹ̀wà*."

Àwọn méjèèjì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Lọ́sàn-án ni ìyàwó mi ní orí ń fọ́ òun. Kí a tó dé ọsibítù, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Láti ìgbà náà, ojú fèrèsé ni wàláà wà. Bí ọmọ náà bá gbé e wá fún mi, n ó ní kó gbé e padà. Ọmọbìnrin mi ní, "Bàbá mi, ẹ má dààmú. Ẹ jẹ́ kí n ra fóònù fún un n'Íkẹjà. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin, yóò kọ́ ọ." Kò purọ́. Ayé ti yí. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ lónìí, ìka kan ni wọ́n fi ń pa á rẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè pé níbo ló wà. Èmi ni ìbéèrè náà kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Mo kàwé títí, n kò kọ́ ọmọ kan ní lẹ́tà rí, n kò sì rí okun tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìlà orí wàláà yẹn ni ohun tí ọwọ́ ìyàwó mi kọ kẹ́yìn.

Lánàá, ọmọ náà gbé wàláà náà lé mi lẹ́sẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí i, ó mú èédú, ó kọ gbólóhùn náà sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Àwọn lẹ́tà náà wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò dín.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ fọ̀ ọ́."

Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n, a kì í dá a dúró. Mo bu omi sínú abọ́. Mo gbé wàláà lé itan, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú. *Màmá* ni mo fi kẹ́yìn. Omi náà dúdú.

"Kò sí nǹkan lórí ẹ̀ mọ́, Bàbá."

Mo gbé e síta, sójú oòrùn, kó gbẹ.