Etí Tí Mo Fi Ń Ra Kòkó

Etí òsì ni mo fi ń ra kòkó. Bí àgbẹ̀ bá gbé àpò rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi n'Ídànrè, màá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, màá fọwọ́ fún un pọ̀. Bó bá ń dún bí ewé gbígbẹ, ó ti gbẹ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, kó lọ tún un sá.

Ìgbà tó yá, gbogbo kòkó wá dákẹ́. Ìrẹ̀ kan wọ inú etí náà, ó ń ké láìsinmi. Òòyì á tún dédé kọ́ mi, àwọn òkè ìlú wa á máa yí po bí ẹni tó ń wá ibi tó máa jókòó sí. Mo dá kòkó àgbẹ̀ kan padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n sun ún ni?"

Mo ń sọ fáyé pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n lọ sílé ìwòsàn. Irọ́ ni, ẹ̀rù ni. Bí etí bá lọ, òwò lọ nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, ló wọ́ mi dé Àkúrẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ fi íápíìsì ńlá bò mí létí, wọ́n ní bí mo bá ti gbọ́ ohùn, kí n tẹ bọ́tìnnì. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń jí ìdánwò wò. Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ. Bí ọwọ́ yẹn bá ti mì, mo tẹ̀ ẹ́.

Ó ṣí íápíìsì náà kúrò. "Bàbá, orí ni mo ń họ."

Wọ́n yí àga mi kọjú sógiri. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ́ńkù, ẹ fẹ́ yege ni, ẹ ò fẹ́ gbádùn."

Èkejì, omi tútù ni wọ́n rọ sí mi létí, kí wọ́n lè wo bí ẹyinjú mi á ṣe sáré. Ti ọ̀tún gbé mi yí débi pé mo di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú bí ọmọ ìkókó. Ti òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ ò rí i, èyí ò ṣe nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì ní, "Èyí tí ò ṣe nǹkan kan yẹn gan-an ni ara rẹ̀ ò yá."

Ẹ̀kẹta, wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n ya àwòrán inú orí mi. Dókítà ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti mọ̀ tipẹ́.

Mo bi dókítà pé èwo ló gbà gbọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní kò séyìí tó lè dá ẹjọ́ náà dá: ti íápíìsì sọ ohùn tí etí ń pàdánù, ti omi sọ ẹ̀gbẹ́ tí òòyì ti wá, àwòrán kàn sọ ohun tí kì í ṣe. Ó ní àfi kí òun kó wọn pọ̀ mọ́ ìtàn ẹnu mi. Ó yé mi ju bó ṣe rò lọ. Ṣebí bàbá mi tó kọ́ mi lówò yìí máa ń fọwọ́ fún kòkó, á gbóòórùn rẹ̀, á tún fi ọ̀bẹ là á. Èmi ni mo fi ọ̀lẹ sọ ọ́ di etí nìkan.

Dókítà ní omi ara tó wà nínú etí òsì ló pọ̀ jù, kò ní pa mí. Kí n lo oògùn, kí n dín iyọ̀ kù. Mo rọra béèrè ti ọ̀tún.

"Ó mú bíi ti ọ̀dọ́," dókítà dáhùn.

Lọ́sẹ̀ kejì, àgbẹ̀ ọjọ́sí tún dé. Mo bu ẹ̀kúnwọ́, ọwọ́ mi ti ń lọ sósì kí n tó rántí. Mo gbé e sọ́tùn-ún, mo fún un. Ó dún, ó dún dáadáa. Mo fi ọ̀bẹ la méjì, mo gbóòórùn wọn, mo sì tún padà sórí fífún.

"Bàbá," ló wí, "ṣé kò tíì gbẹ ni?"

"Ó ti gbẹ."

"Kí lẹ wá ń fọ́ ọ fún? Kòkó ni, kì í ṣe ẹ̀pà."

Mo tún bu ẹ̀kúnwọ́ mìíràn.