Bàbá Tó Lóṣòó Níwájú Lọ́rì

Ẹni tó bá mọ Bàbá Ògúnjìnmí ní àdúgbò Ìgbóná ní Òṣogbo, ìtàn lọ́rì ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ní Sátidé kan lọ́dún 1993, bàbá ń gun kẹ̀kẹ́ láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ni lọ́rì kan bá dúró gbì níwájú rẹ̀. Kò sí iná bíréèkì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí bàbá wọ abẹ́ rẹ̀. Lọ́rì tún ṣí, ó ń lọ. Bàbá ò pariwo. Ó wa kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e dé gáréèjì Iléṣà, ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó sì lóṣòó síwájú lọ́rì náà. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níwájú mọ́tò," Sànúsí tó ń wa lọ́rì ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Uná dà?" Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe iná nìyẹn.

"Iná kẹ̀? Nínú oòrùn yìí?"

"Oṣómàáló ni bàbá mi. Ó lóṣòó ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ra aṣọ méjì péré láwìn. Ìwọ tó fẹ́ẹ̀ pa mí, ọjọ́ mélòó lo rò pé ó tọ́ sí ọ?"

Sànúsí bú u, ó bẹ̀ ẹ́, ó fi ẹ́ńjìnì dẹ́rù bà á. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, ó lọ pe rewáyà. Iná pupa tàn lẹ́yìn lọ́rì, bàbá sì ṣàdúrà fún awakọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ Sànúsí pé kó fi lọ́rì gbé òun àti kẹ̀kẹ́ òun délé, nítorí ẹsẹ̀ òun ti kú.

Ṣé ẹ ń rẹ́rìn-ín? Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń bí mi nínú títí dòní.

Akọ̀wé réluwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní agogo méjì, aṣọ pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́yìn, àti dígí tó tú lára tábìlì ìmúra Phebe ìyàwó rẹ̀. Akoto àwọn kọ́lékọ́lé ló máa ń dé, ó sì ti ki fóòmù sínú rẹ̀.

"Bàbá Ìníolúwa, ẹ dá dígí mi padà," ni Phebe wí. "Gèlè mi ń wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Gèlè tó wọ́ sàn ju ọkọ tó kú lọ."

Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba, tá a bá fi ọkọ̀ kọjá lára rẹ̀, a máa ń yọ ṣùtì sí i. Àgbàlagbà tó gun kẹ̀kẹ́, lójú wa, tálákà ni. Ọlọ́run sì mú wa: epo bẹntiróò wọ́n lọ́dún 1994, ni gbogbo wa bá ń wọ́ lọ sílé bàbá láti kọ́ kẹ̀kẹ́. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tò wá sórí pápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ réluwéè, ó ní ẹnì kankan ò ní fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ àyàfi tó bá kọ́kọ́ lóṣòó títí òun á fi kọ orin ìsìn kan tán. Ẹsẹ mẹ́fà ni orin náà ní. Ọ̀gá Oyèṣọlá, tó jẹ́ olórí níléeṣẹ́ tó ń mójú tó títì, fìdí jókòó sílẹ̀ ní ẹsẹ kejì.

"Ọ̀gá, ìdí nìkan ló ń bá yín ṣiṣẹ́ ọba," ni bàbá wí. "Ẹ jẹ́ kí orúnkún náà ṣe díẹ̀."

Ó kọ́ wa dáadáa. Ó ní: Ẹ mumi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ má gùn ún ní méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín. Ẹ wo ẹ̀yìn kí ẹ̀yìn tó wò yín. Nígbà tí epo sì padà dé, a padà sínú ọkọ̀ wa, kò sẹ́ni tó padà lọ dúpẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá fẹ́ lọ́wọ́ wa. Kọ́nà búburú kan wà lẹ́yìn afárá, kéèyàn tó wọ Iléṣà. Ó fẹ́ kí wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pé kí awakọ̀ rọra. Ó kọ lẹ́tà mẹ́rin sí Oyèṣọlá. Nígbà tí kò rí èsì, ó lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde, mo ní àlejò."

"Pátákó dà?"

Oyèṣọlá pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Àwọn mẹ́rin gbé bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bó ṣe lóṣòó gẹ́lẹ́, akoto lórí. Gbogbo ọ́fíìsì sáré sójú fèrèsé. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ní oṣù kìíní ọdún 1996, láàárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ bo gbogbo ilẹ̀, lọ́rì kan tí kò tanná já kọ́nà yẹn láti ẹ̀yìn bàbá, ó sì gbá a pa. Dígí ò lè rí ohun tí kò tanná. Wọ́n ní àyànmọ́ ni. Irọ́ ni! Iná ni kò sí, pátákó ni kò sí. Bàbá ní tirẹ̀ ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, a pé jọ ní Òṣogbo láti gbé e lọ sí Iléṣà. Awakọ̀ ọkọ̀ òkú ti fẹ́ gbéra nígbà tí Phebe rìn yípo lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

"Uná dà?"

Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ojúmọ́ ti mọ́ o."

Phebe ká aṣọ dúdú rẹ̀ sókè, ó lọ síwájú ọkọ̀ òkú, ó sì lóṣòó.

"Ìyá wa, ìjọ ń dúró dè wá ní Iléṣà," ni àlùfáà bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ní kí wọ́n jókòó."

"Bàbá ti lọ, Màmá," ni awakọ̀ wí. "Kò sí ohun tó tún lè ṣe é mọ́."

"Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?"

Oyèṣọlá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó fa ṣòkòtò kóòtù rẹ̀ sókè, ó sì lóṣòó ti opó náà. Mo tẹ̀ lé e. Gbogbo wa tẹ̀ lé e, nínú oòrùn, lórí títì. Ẹnì kan gbé orin bàbá. Ní ẹsẹ kejì, ẹsẹ̀ Oyèṣọlá ń gbọ̀n.

"Ẹ tẹ gìgísẹ̀ yín mọ́lẹ̀," ni Phebe sọ fún un pẹ̀lẹ́. "Ṣé bó ṣe kọ́ yín nìyẹn?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wa pẹ̀lú omijé. Oyèṣọlá ò ṣubú. A kọ orin náà lákọtúnkọ kí rewáyà tí awakọ̀ ránṣẹ́ pè tó wá tún iná ọkọ̀ náà ṣe.

Wákàtí méjì ni bàbá fi pẹ́ dé ìsìnkú ara rẹ̀. Nígbà tá a dé kọ́nà ẹ̀yìn afárá, kò sí pátákó níbẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ ọkọ̀ òkú tẹ bíréèkì. Uná náà tàn. Gbogbo wa tá a wà lẹ́yìn rẹ̀ rí i, a sì rọra.