Irọ́ tí mo pa fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrà

Ẹ gbà mí, ojú ara mi ń tì mí lónìí.

Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ilé bàbá wa ní Fìdítì pè mí lórí fóònù.
"Ṣé o wà nílé l'Ékòó? Mo fẹ́ fi iṣu ránṣẹ́ sí ọ."
Mo ní, "Mo wà nílé, mà."

Irọ́ ni! Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti kó kúrò l'Ékòó. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, Ìlọrà níbí, tí kò jìnnà sí Fìdítì, ni mo ti ra ilé kékeré kan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní Fìdítì. Mo ní mo fẹ́ sinmi wàhálà ẹbí.

Kò pẹ́, mo ń sá aṣọ níwájú ilé ni ọ̀kadà kan dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó sẹ́yìn, ó gbé àpò iṣu lé ẹsẹ̀. Gáréèjì mọ́tò Èkó ló ń gba ọ̀dọ̀ wa lọ, kó lè fi iṣu náà ránṣẹ́ sí mi.

Mo kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi o. Ó wo ilé, ó wo aṣọ tí mo sá, ó ní kí ọlọ́kadà gbé iṣu náà kalẹ̀ fún mi.

Ó wá ní, "Yàrá rẹ nílé bàbá wa tí mo máa ń gbá ní gbogbo Sátidé, ṣé kí n má gbá a mọ́?"

Ọlọ́kadà sì gbé e lọ.

Iṣu náà ṣì wà níta. Ọ̀la ni Sátidé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n lọ gbá yàrá náà fúnra mi, àbí ó ti pẹ́ jù?