Ìdọ̀bálẹ̀ Orí Àpáta

Ìtàn kan wà nílé àwọn àna mi ní Ọ̀kà tí kì í sú wọn í sọ. Bí àlejò bá ti jókòó, tí wọ́n sì ti gbé omi síwájú rẹ̀, àbúrò bàbá ìyàwó mi á na ọwọ́ sí mi, á ní, "Ẹ rí ọkùnrin yìí? Orí kẹ̀kẹ́ ló ti fò bọ́ sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀. Lórí àpáta o!" Àwọn àlejò á wò mí tìyanu-tìyanu. Èmi á tẹ orí ba, n ó máa fi èékánná ha ẹsẹ̀ àga.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀, akọ̀wé kékeré ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkàrẹ́, n kò sì tíì fẹ́yàwó. Mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan lọ́jà, irú èyí tí táyà rẹ̀ tóbi tó sì ní eyín, tó ní gíà níwájú àti lẹ́yìn, tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè. Ìyá mi bi mí bóyá n kò rí ọ̀kadà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń rà ni. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣeré náà: èmi, télọ̀ kan tí a jọ lọ ilé kéwú ní kékeré, àti fọganáísà tó ń bá wa lẹ táyà. Ní àárọ̀ Sátidé, bí a bá ti kírun àsùbáà tán, a ó gba ọ̀nà oko jáde ní Ìkàrẹ́, a ó gun òkè, a ó sọ̀ kalẹ̀, ó di Ọ̀kà. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Gbòǹgbò igi ló sùn dábùú rẹ̀, òkúta ló jókòó sáàárín rẹ̀, ibòmíì sì wà tí àgbàrá ti gbẹ́ débi pé etí kòtò nìkan ni táyà lè tẹ̀. Ìyẹn gan-an la ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ibi tó le jù ni àpáta kan lókè Ọ̀kà, tó dagẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, tí omi ń sun lára rẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Bí o bá ti wọ̀ ọ́, ó parí. Ìdí rẹ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn sádù, pẹ́dà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, o ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan bírèkì iwájú títí wàá fi dé ìdí igi ìyeyè tó wà nísàlẹ̀. Télọ̀ ti gùn ún dé ìsàlẹ̀ láìṣubú. Fọganáísà náà ti gùn ún. Èmi ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lókè, tí n ó máa fa kẹ̀kẹ́ mi bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà, tí àwọn méjèèjì á sì máa bá mi ṣe "mẹ̀ẹ́, mẹ̀ẹ́" láti ìdí ìyeyè.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó sì wà nílẹ̀. Ọmọ Ọ̀kà kan tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù ìtòsí ọ́fíìsì wa ti gbà fún mi. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu tó ń dákẹ́, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àbúrò bàbá yìí ló gbégi dínà. Ó ní, "Ẹni tó ti tó bímọ, tó ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ kiri inú igbó bí ọmọ iléèwé, òun la fẹ́ fún lọ́mọ?" Wọ́n ní kí àwọn èèyàn mi má tíì wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọmọbìnrin náà sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí ọdún Iléyá bá fi lè kọjá báyìí, òun ò mọ ohun tí òun ó tún sọ fún wọn nílé mọ́, torí ọkùnrin kan ti ń bọ̀ láti Àjọwá.

Ẹni tó ní làákàyè ì bá gbé kẹ̀kẹ́ tà. Èmi ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ní lónìí ni n ó gun àpáta yẹn. Mo ní kí àwọn ọ̀rẹ́ mi máa lọ síwájú, kí wọ́n lọ dúró dè mí nísàlẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti fún, díẹ̀ kí n tó dé àpáta, ìyá àgbàlagbà kan tó ru igi ìdáná wà níwájú mi. Mo tẹ aago kíkankíkan. Ó yà sínú koríko, mo kọjá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n àpáta ti dé, mo ti ń sún ìdí sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, ó dùn. Táyà ń ké lórí omi, mi ò sì ṣubú. Mo ti dé ìdajì rẹ̀ nígbà tí mo rí ọkùnrin méjì tó yọ láti ìdí ìyeyè, tí wọ́n ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Bàbá rẹ̀ ni, àti àbúrò bàbá.

N kò rò ó pé kí n kí ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, "Ọkùnrin yìí ti ká mi mọ́ orí kẹ̀kẹ́!" Ọwọ́ mi fún bírèkì iwájú pọ̀. Kẹ̀kẹ́ dúró. Èmi ò dúró. Mo gba orí hándù kọjá, mo fi ikùn lélẹ̀ gbalaja, apá mi méjèèjì nà síwájú, àgbọ̀n mi lórí òkúta, ṣòkòtò mi sì ya láti ìdí. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ẹsẹ̀ bàbá ọmọbìnrin náà ni mo rí.

Àbúrò bàbá pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i? Ó dọ̀bálẹ̀! Ẹlòmíì ì bá juwọ́ sí wa kọjá lọ ni. Wallahi, ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́!"

Ó yẹ kí n sọ pé mo ṣubú ni. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọkùnrin yẹn, ojú tó ti ń le sí mi láti ọjọ́ yìí wá ti rọ̀ bí iṣu tó jinná. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà," láti ilẹ̀ níbi tí mo wà. Bàbá wo kẹ̀kẹ́ mi tí táyà rẹ̀ ẹ̀yìn ṣì ń yí, ó wá wo àgbọ̀n mi. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀. Dìde, ọmọ." Wọ́n sì gba ọ̀nà oko wọn lọ. Nídìí ìyeyè, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti rẹ́rìn-ín débi pé wọn ò lè dìde.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, wọ́n ránṣẹ́ pé kí àwọn èèyàn mi máa bọ̀. Lọ́jọ́ yìgì, àbúrò bàbá sọ ìtàn náà fún àáfà, àáfà sì fi ṣe wáàsí fún àwọn ọ̀dọ́. Mo sorí kọ́. Ìtìjú bò mí débi pé n kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú. Àwọn obìnrin ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ wò ó bó ṣe ń tijú. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni." Àní ìtìjú ọ̀hún gan-an, wọ́n tún yìn mí fún un. Télọ̀ àti fọganáísà ki fìlà bọ ẹnu.

Mo gbé e bẹ́ẹ̀ títí ìyàwó mi fi bímọ. Oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi nílé àna. Nígbà tí wọ́n ń wa iṣu, mo bá bàbá lọ sóko, bí a sì ti jókòó tí à ń jẹ iṣu sísun, mo ní kí n tú u sílẹ̀.

"Baba, ọjọ́ yẹn lórí àpáta, mi ò dọ̀bálẹ̀. Mo ṣubú ni."

Ó jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. "Mo mọ̀. Ṣé ojú mi fọ́ ni? Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ kì í fi àgbọ̀n ṣáájú."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ọmọ mi ti fẹ́ ọ. Àbúrò mi sì ti rí ohun tó máa fi yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ta ni kí n wá bá jà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ sí koríko.

"Ṣé ìyẹn nìkan lo fẹ́ sọ?"

"Ìyẹn nìkan ni, Baba."

"Ìyá onígi ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyá onígi wo?" Kì í ṣe pé mo ń dọ́gbọ́n. Lóòótọ́ ni n kò rántí.

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí òun gòkè kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn, tí àbúrò òun sì ti yà sóko tirẹ̀, òun bá ìyá kan nínú koríko, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti há sáàárín òkúta méjì níbi tó ti ń sá fún kẹ̀kẹ́, igi rẹ̀ sì ti fọ́n ká. Òun ló bá a fa ẹsẹ̀ náà yọ, òun ló bá a di igi náà, òun ló rù ú dé ilé fún un. Ẹsẹ̀ náà kò sì padà sípò mọ́.

Mo ní, "Baba, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi lo rí níwájú, torí ọmọ mi lo ń wá. Mo ń retí ọjọ́ tí wàá bojú wẹ̀yìn." Ó mú ọkọ́ rẹ̀. "Ilé ìyá náà ò jìnnà sí àpáta."

Ojú tì mí ju ti ìgbàkigbà rí lọ. Gbogbo ìtìjú tí mo ti ń gbé kiri látọjọ́ yìí, ti ara mi nìkan ni. N kò ní èyí tó jẹ́ ti ìyá yẹn rárá.

Lọ́jọ́ kejì mo la igi, mo dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo sì tì í gun àpáta yẹn láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara mi. Mo bá ìyá náà níwájú ilé rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ. Ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè tiwọn ló ti wá, Yorùbá rẹ̀ sì ń rọra jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó rí igi, ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ sókè.

"Ta ló rán ọ, ọmọ mi?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Ìyá. Tiyín ni."

Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Ó ní Ọlọ́run á tọ́jú mi bí mo ṣe tọ́jú òun. Ó ní ọmọ rere ṣì wà láyé, kì í ṣe gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ló dà bí èyí tó sọ ẹsẹ̀ òun dà báyìí. Ìyìn náà tún ti dé. Mo mọ̀ pé bí mo bá ṣe àmín, ó ti tán nìyẹn.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo rọra ṣe é, mo fi àyà kan ilẹ̀.

"Ìyá, èmi ni oníkẹ̀kẹ́ yẹn."

Àdúrà dúró. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo ẹ̀yìn orí mi. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá kan igi náà, ó sì padà jókòó.

Ó ní, "Mo rò pé àlejò ni ọ́, mo ti dìde fún ọ. Gbé e wọlé. Bó o bá ṣe tán, omi ò sí nínú ìkòkò."

Mo gbé igi wọlé. Mo bèèrè ọ̀nà odò, mo sì gbé korobá.